Irúgbìn tuntun tí kò sí lọ́jà: Ohun tí ìlú Bouaké kọ́ àgbẹ̀ àti olólùfẹ́ òdòdó



Ìbéèrè kan ló wà nílẹ̀. Èèyàn rí ohun ọ̀gbìn kan, bóyá nínú fọ́tò lórí fóònù, bóyá lóko ẹlòmíràn nígbà tó rìnrìn àjò. Ó wù ú. Ó dé ọjà ìlú rẹ̀, ó béèrè títí, kò sẹ́ni tó ń tà á. Kí ló kù tó lè ṣe?

Àwọn tó fẹ́ràn òdòdó róòsì mọ ìbéèrè yìí dáadáa. Ọdọọdún ni róòsì tuntun ń jáde nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Ìbàdàn, Cotonou tàbí Abidjan.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí òdòdó. Ẹni tó ń wá ìrẹsì tó tètè ń gbó, ẹni tó ń wá èèbù iṣu tó ń ta dáadáa, ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí róòsì kò bá dé, ẹwà ọgbà ló máa dín kù. Bí irúgbìn oúnjẹ kò bá dé, ebi lè wọlé.

Ìlú kan wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí ìbéèrè yìí ti jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlú náà ni Bouaké, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Ivory Coast.

Kí ló so Bouaké pọ̀ mọ́ irúgbìn tuntun?

Lẹ́yìn Abidjan, kò sí ìlú tó tóbi tó Bouaké ní Ivory Coast. Láti Abidjan lọ sí apá àríwá, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 350. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni, ṣùgbọ́n ìlú ọjà ni pẹ̀lú. Àwọn oníṣòwò láti Mali, Burkina Faso, Niger àti Nàìjíríà ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ tipẹ́.

Àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anago lọ́hùn-ún, wà lára wọn. Ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ṣòro kí èèyàn rí agbo ilé tí kò ní ẹni tó ti gbé Ivory Coast rí.

Ní ìta ìlú Bouaké, níbì kan tó ń jẹ́ M'bé, ni oko ìwádìí ńlá kan wà. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní WARDA nígbà náà, tó ti di AfricaRice báyìí, ló ni ín. Orílẹ̀èdè 11 ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló parapọ̀ dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1971. Monrovia, ní Liberia, ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kó lọ sí Bouaké ní ìparí àwọn ọdún 1980.

M'bé yìí ni wọ́n ti ṣe irúgbìn tuntun kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Orúkọ rẹ̀ ni NERICA, ìyẹn ni pé "Ìrẹsì Tuntun fún Áfíríkà".

Bí ìrẹsì méjì ṣe di ọ̀kan

Oríṣi ìrẹsì méjì ni ọmọ èèyàn ń gbìn láyé. Ọ̀kan jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà, tí àwọn baba ńlá àwọn tó ń gbé létí odò Ọya ní Mali ti ń gbìn láti bíi 3,000 ọdún sẹ́yìn. Èkejì wá láti ilẹ̀ Éṣíà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń jẹ lónìí.

Ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà le bí ẹni máa kú. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó máa ń bo ilẹ̀ mọ́ èpò lórí, ó sì lè fara da ọ̀dá àti àìsàn. Ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ máa ń tètè gbọ̀n dànù sílẹ̀, igi rẹ̀ sì máa ń wó. Ìrẹsì ilẹ̀ Éṣíà ń so púpọ̀ jù ú lọ, àmọ́ kò le tó o. Ó ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ ajílẹ̀, èpò kì í sì jẹ́ kó rímú mí.

Ní ọdún 1991, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan láti Sierra Leone, Monty Jones, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bouaké. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó ìrẹsì kan sí ara èkejì, kí wọ́n lè bí ọmọ kan tó máa jogún agbára ìyá àti èso baba.

Kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìrẹsì méjèèjì bá bí ló máa ń kú sínú hóró, èyí tó bá yè sì máa ń yàgàn. Ohun tí àwọn onímọ̀ náà ṣe ni pé wọ́n yọ ọmọ inú hóró náà kó tó kú, wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà nínú ìgò ní yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n tún dá a padà sọ́dọ̀ ìrẹsì ilẹ̀ Éṣíà léraléra, títí tí ọmọ náà fi lè so.

Ohun tó jáde ni ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ tó lè gbó láàrin nǹkan bí ọjọ́ 90 sí 100, tó yá ju ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn tẹ́lẹ̀ lọ. Fún ìdílé tí oúnjẹ rẹ̀ ti tán kí ìkórè tó dé, oṣù kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ní ọdún 2004, Monty Jones gba àmì ẹ̀yẹ World Food Prize pẹ̀lú Yuan Longping ti orílẹ̀èdè China. Òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìròyìn máa ń parí sí nìyí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Irúgbìn dé, ó dára, ó gba àmì ẹ̀yẹ. Báwo ni yóò ṣe dé ọwọ́ ìyá àgbàlagbà kan ní abúlé tí mọ́tò kì í dé?

Ọgbà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kí àgbẹ̀ wá wò ó

Láyé àtijọ́, ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà pín irúgbìn tuntun ni pé àwọn fúnra wọn á yan èyí tó so jù lóko ìwádìí, wọ́n á fi lé ìjọba lọ́wọ́, ìjọba á wá sọ fún àgbẹ̀ pé, "Èyí ni kó o gbìn." Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àgbẹ̀ máa ń gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, tí yóò gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì padà sórí èyí tó mọ̀.

Ní ọdún 1996, WARDA bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn ní Ivory Coast. Ọdún mẹ́ta ni ètò náà máa ń gbà.

Ní ọdún kìíní, wọ́n á ṣe ọgbà ìrẹsì kan sí abúlé, níbi tí gbogbo èèyàn lè rìn dé. Irúgbìn tó tó 60 lè wà nínú ọgbà yìí: ti ìbílẹ̀, ti ilẹ̀ Éṣíà, àti àwọn NERICA. Àwọn àgbẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin á máa wá wò ó bó ṣe ń hù, bó ṣe ń dàgbà àti nígbà tó bá gbó, wọ́n á sì sọ èyí tó wù wọ́n àti ìdí rẹ̀.

Ní ọdún kejì, wọ́n á fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní irúgbìn tí òun fúnra rẹ̀ yàn, tí kì í ju oríṣi mẹ́fà lọ, kó lọ gbìn ín sóko tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti ń gbìn tẹ́lẹ̀.

Ọdún kẹta ni ìdánwò gidi. Ní ọdún yìí, àgbẹ̀ tó bá ṣì fẹ́ irúgbìn náà máa fi owó ara rẹ̀ rà á. Ẹni tó bá yọ owó lápò ti sọ òtítọ́ tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó jáde nínú àwọn ọgbà yìí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Ìwọ̀n ìrẹsì tó máa jáde lórí hẹ́kítà kan ni wọ́n rò pé àgbẹ̀ máa kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin yan ìrẹsì tó ga, nítorí pé wọ́n máa ń pọn ọmọ sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń kórè, ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ fún ìrẹsì kúkúrú sì ń dá wọn lẹ́yìn. Àwọn mìíràn wo bó ṣe tètè ń gbó, àwọn mìíràn wo bó ṣe ń dùn lẹ́nu tàbí bó ṣe ń ta sánsán nínú ìkòkò. NERICA 1 ní òórùn dídùn yìí, ohun kan sì ni tí kò sẹ́ni tó lè fi ìwọ̀n wọ̀n.

Ìròyìn kò tó àfojúbà

Ìwádìí kan tó jáde nípa Ivory Coast fi ibi tí ìṣòro wà hàn kedere. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliou Diagne, tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní WARDA nígbà náà, ló ṣe é. Ó fẹ́ mọ iye àgbẹ̀ ìrẹsì tó ń gbin NERICA ní ọdún 2000.

Ìdá 4 péré nínú 100 ló bá.

Ẹni tó bá wo ìdá 4 yìí lásán lè sọ pé àwọn àgbẹ̀ kọ̀ ọ́, tàbí pé olórí kunkun ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Diagne tún bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kejì: mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé ohun tó ń jẹ́ NERICA wà? Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ rárá. Nígbà tó wá ṣírò ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní gbogbo àgbẹ̀ ti mọ irúgbìn náà láti ọdún 1998, ohun tó rí ni pé àwọn tó ń gbìn ín ìbá tó ìdá 27 nínú 100.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin 4 àti 27 kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Àìmọ̀ ni, àti àìrí. Èèyàn kò lè fẹ́ ohun tí kò mọ̀ pé ó wà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbin ohun tí kò rí ibi tí yóò ti gbà á.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ń wá irúgbìn tuntun kò fi gbọ́dọ̀ parí ìwádìí rẹ̀ sí ẹnu ọjà. Ohun tí ọlọ́jà mọ̀ pé yóò tà ló ń kó wá. Ohun tuntun máa ń wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kó tó dé orí àtẹ.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún tẹ̀lé e. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀èdè, àwọn àgbẹ̀ tó ti gbin NERICA tó sì dùn mọ́ wọn nínú dá a dúró nígbà tó yá, nítorí wọn ò rí irúgbìn tó mọ́ rà mọ́. Àwọn mìíràn sì rí i pé bí ilẹ̀ bá ti gbó, tí kò sí ajílẹ̀, tí èpò sì pọ̀, irúgbìn tuntun nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ ìyanu. WARDA wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn bí wọ́n ṣe lè máa ya irúgbìn sọ́tọ̀ lóko wọn, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì máa tà á fún aládùúgbò.

Ewùrà tó gba orí òkun wá

Kì í ṣe gbogbo irúgbìn tuntun ló nílò ètò ọlọ́dún mẹ́ta. Àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ Bouaké ni ewùrà kan tó ń jẹ́ Florido.

Láti erékùṣù Puerto Rico, ní agbègbè Caribbean, ni àwọn onímọ̀ ìwádìí ti mú Florido wọ Ivory Coast ní àwọn ọdún 1970. Ewùrà ni, irú èyí tí àwọn Ìjẹ̀bú fi ń ṣe ìkọ́kọrẹ́. Ó ń ta dáadáa, ó ṣeé tọ́jú sínú àká, kò sì ní wàhálà púpọ̀ láti gbìn.

Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kan gbìn ín tí àwọn ará ilé kejì sì rí i, wọ́n tọrọ èèbù. Àna fún àna, ọ̀rẹ́ fún ọ̀rẹ́, èèbù náà rìn títí ó fi di ọ̀kan lára ewùrà tí wọ́n ń gbìn jù ní Ivory Coast, ó sì kọjá ẹnubodè lọ sí àwọn orílẹ̀èdè tó yí i ká.

Kí ló dé tí Florido fi tàn kálẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìdí kan ni pé ẹni tó bá ní iṣu ti ní irúgbìn. Bó bá gé e sí èèbù tó gbìn ín, iṣu kan náà ni yóò hù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gẹ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni róòsì: ẹ̀ka kan tí wọ́n gé lára róòsì, tí wọ́n sì so mọ́ ìdí róòsì mìíràn tó le, yóò so òdòdó kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kó rọrùn náà ló jẹ́ kó léwu. Èèbù tàbí ẹ̀ka lè gbé àìsàn àti kòkòrò tó wà lára ìyá rẹ̀ dání.

Nígbà tí ogun dé

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ivory Coast. Orílẹ̀èdè náà pín sí méjì, Bouaké sì di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó gba apá àríwá. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá kúrò nílùú, títí kan àwọn Anago tó gba ọ̀nà Èjìgbò padà wálé.

Àwọn òṣìṣẹ́ WARDA náà ní láti kúrò ní M'bé. Nígbà tó yá, ní ọdún 2005, iléeṣẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sí Cotonou ní orílẹ̀èdè Benin. Ọdún 2015 ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ tó padà sí Ivory Coast.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí irúgbìn? Ìbàdàn ni ìdáhùn wà. Ẹ̀dà irúgbìn ìrẹsì WARDA wà ní ìpamọ́ nínú yàrá tútù ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967. Nígbà tí wọ́n ṣí àká irúgbìn àgbáyé tó wà ní Svalbard, ní Norway, ní ọdún 2008, WARDA àti IITA náà fi irúgbìn ránṣẹ́ síbẹ̀. Lónìí, àká AfricaRice ní M'bé ní oríṣi ìrẹsì tó lé ní 20,000.

Irú ìtàn yìí kò ṣàjèjì sáwọn tó ń gbin róòsì. Ní àwọn ọdún 1930, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Francis Meilland, ṣe róòsì tuntun kan, aláwọ̀ ìyeyè tí etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ní ọdún 1939, kí ogun tó ti ọ̀nà pa, ó fi ẹ̀ka róòsì náà ránṣẹ́ sáwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì, Ítálì àti Amẹ́ríkà. Lójú ogun, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1945, wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Peace, ìyẹn Àlàáfíà. Ó di ọ̀kan lára róòsì tí wọ́n gbìn jù láyé.

Ohun kan náà ni róòsì Peace àti ìrẹsì Bouaké ń wí: irúgbìn tó bá wà níbì kan ṣoṣo, ibi ewu ló wà.

Kí ló dé tí ìwé àṣẹ fi ṣe pàtàkì?

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rìnrìn àjò máa ń di ẹ̀ka òdòdó, èèbù tàbí igi ẹ̀gẹ́ sínú báàgì. Wọ́n gbà pé ohun kékeré ni. Àpẹẹrẹ kan wà tó yẹ kó da irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ dúró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kékeré kan tó funfun bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i lára yọ sí ara ẹ̀gẹ́ ní agbègbè odò Congo. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wá. Láàrin ọdún díẹ̀, ó ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà. Níbi tó bá ti le gan-an, ó lè ba tó ìdá 80 nínú 100 ìkórè jẹ́. Ẹ fojú inú wo ilé tó jẹ́ pé gàrí àti fùfú ló ń jẹ.

IITA ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìdarí onímọ̀ kòkòrò kan, Hans Herren, ló wá ojútùú rẹ̀. Agbọ́n kékeré kan tó máa ń pa kòkòrò náà ni wọ́n rí ní Paraguay. Ṣùgbọ́n wọn ò kàn mú un wọlé bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sí ìpamọ́ ní Britain fún àyẹ̀wò, kó má baà gbé àjàkálẹ̀ mìíràn dání. Ní ọdún 1981 ni wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì ṣẹ́gun. Herren gba World Food Prize ní ọdún 1995.

Bí àwọn tó ń mú ìwòsàn bọ̀ bá lè dúró fún àyẹ̀wò, ẹni tó ń gbé òdòdó bọ̀ náà lè dúró.

Kí ni òfin wí nípa irúgbìn tó ń sọdá ẹnubodè?

Ní ọdún 2008, àjọ ECOWAS fọwọ́ sí òfin kan tó so ètò irúgbìn àwọn orílẹ̀èdè rẹ̀ pọ̀. Lábẹ́ òfin náà, irúgbìn oúnjẹ tí orílẹ̀èdè kan bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa wọ inú ìwé orúkọ kan fún gbogbo agbègbè, wọ́n sì lè tà á ní orílẹ̀èdè yòókù láì tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò látìbẹ̀rẹ̀.

Òfin kejì dá lórí ẹni tó ni irúgbìn. Onímọ̀ tó bá lo ọdún mẹ́wàá láti ṣe róòsì tuntun lè gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ fún títà láì gba àṣẹ. Àwọn tó ń gbin róòsì fún òkèèrè ní Kenya mọ èyí dáadáa, nítorí wọ́n máa ń san owó fún àwọn tó ni róòsì tí wọ́n ń gbìn. Ivory Coast, Benin àti Togo wà lábẹ́ irú òfin yìí nípasẹ̀ àjọ OAPI, tó wọ ẹgbẹ́ àgbáyé UPOV ní ọdún 2014. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2021.

Àwọn àgbẹ̀ kan àti àwọn tó ń gbèjà wọn ń bẹ̀rù òfin yìí. Wọ́n ní bí ẹ̀tọ́ oníṣòwò bá pọ̀ jù, ó lè dí ọ̀nà tí Florido gbà rìn, ìyẹn kí aládùúgbò tọrọ èèbù lọ́wọ́ aládùúgbò. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní láìsí ẹ̀tọ́, kò sẹ́ni tó máa náwó lé irúgbìn tuntun lórí. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó ń gbin nǹkan.

Kí ni kí ẹni tó ń wá irúgbìn tuntun ṣe?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn ohun tí ìtàn Bouaké fi hàn pé ó lè ràn yín lọ́wọ́ nìyí:

Ẹ mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Irúgbìn kan lè ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta. NERICA 1 ní Bouaké ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bíi FARO 55. Ẹni tó bá ń béèrè NERICA 1 lọ́wọ́ ẹni tó mọ FARO 55 lè rò pé kò sí, nígbà tó wà níwájú rẹ̀. Bákan náà ni róòsì: orúkọ tó ń jẹ́ lọ́jà lè yàtọ̀ láti orílẹ̀èdè kan sí òmíràn.

Ẹ béèrè nítòsí kẹ́ ẹ tó kọjú sí òkèèrè. Ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ ìwádìí wà ní Badeggi fún ìrẹsì, ní Umudike fún iṣu àti ẹ̀gẹ́, àti IITA ní Ìbàdàn. Ní Ivory Coast, CNRA ní ibùdó ní Bouaké. Ọ̀pọ̀ ohun tí kò sí lọ́jà lè wà lóko wọn.

Ẹ lọ wò ó níbi tó ti ń hù. Ojú ọjọ́ ibi tí irúgbìn ti wá ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ róòsì tó lẹ́wà ní England ń fẹ́ òtútù kó tó lè sinmi. Níbi tí ooru wà, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ róòsì ilẹ̀ China lára máa ń fara dà á jù. Bí òjò bá sì pọ̀, àmì dúdú máa ń bo ewé róòsì, nítorí náà ẹ gbìn ín síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ẹ gba ìwé kí ohun ọ̀gbìn tó gbéra. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìwọlé lọ́wọ́ ìjọba orílẹ̀èdè tẹ́ ẹ ń gbé e lọ, kí orílẹ̀èdè tó ti ń bọ̀ sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí pé ara ọ̀gbìn náà le. Ní Nàìjíríà, NAQS ló ń rí sí i. Ẹ má fi yẹ̀pẹ̀ ránṣẹ́ mọ́ ọn, nítorí inú yẹ̀pẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kòkòrò ń sá pamọ́ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain àti Amẹ́ríkà, òfin ibẹ̀ le lórí èyí, àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè sì lè gba èèbù tàbí ẹ̀ka tí kò ní ìwé.

Ẹ gbìn ín sọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kó jìnnà díẹ̀ sí ohun ọ̀gbìn yòókù títí tẹ́ ẹ máa fi rí i pé ewé rẹ̀ mọ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì dá ṣáṣá.

Ẹ fún ẹlòmíràn nínú rẹ̀, bí òfin bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe inú rere nìkan. Bí tiyín bá kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí tí ẹ bá ní láti fi ilé sílẹ̀ lójijì bí àwọn ará Bouaké ṣe ṣe ní 2002, ibì kan á wà tẹ́ ẹ ti lè rí i padà.

Ẹni tó bá ti ní irúgbìn tuntun lọ́wọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kó gbìn ín síbi tí ojú lè tó o. Kó jẹ́ kí àwọn tó ń kọjá dúró béèrè orúkọ rẹ̀. Ní Ivory Coast, láàrin ìdá 4 àti ìdá 27, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló wà tí kò kọ ìrẹsì kankan. Kò kàn sí oko nítòsí tí wọ́n ti lè rí i ni.